Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ ní Ilé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Chiloé, Chile,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1998.

Yasna, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí atẹ́gùn Concepción má ti kó ikọ́ bá ọ. Ní tèmi, ara mi le. Orúnkún ọ̀tún mi nìkan ló máa ń ránṣẹ́ sí mi nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, o sì mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ níbí, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí kì í ránṣẹ́. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ti gbin pòtétò rẹ̀ tán, ó wá ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, àfi bí ẹni pé wíwò tó ń wò ó ni yóò mú un hù.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú mi dùn pé wọ́n ti gbé ọ kúrò nídìí tẹlifóònù, tí wọ́n ní kí o wá jókòó ti àwọn tó ń kọ ìbéèrè tí wọ́n ń lọ bi ará ìlú. O ní iṣẹ́ náà rọrùn, pé kí èèyàn ṣáà ti béèrè ohun tó bá fẹ́ mọ̀ ni. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún yìí tí mi ò tíì sọ fún ọ, nítorí pé ojú ń tì mí. Mo wá rò ó pé bí iṣẹ́ yìí ni o máa ṣe, ó yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ.

Ní oṣù Kẹfà ni ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ pè mí. Ọ̀gbẹ́ni Hernán Oyarzo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Valdivia ni, kò tíì pé ọdún kan láàárín wa, ó sì ṣì máa ń ṣí agbòòjò nígbà tí òjò bá ń rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ ti ilé ìwé erékùṣù kékeré Quelpún pa ní ìparí ọdún, nítorí pé ọmọ márùn-ún péré ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ kan. Àwọn ọmọ náà yóò máa gbé ní ilé ìwé tó wà ní erékùṣù ńlá láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn kò ní ṣe é láìgbọ́ tẹnu àwọn tó ń gbé Quelpún. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, èmi ni ó ní kí n lọ.

Nolberto Chiguay, ìbátan mi tó ń gbé níbẹ̀, ló fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé mi. Orí omi ni mo ti ka ìbéèrè náà dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: “Ṣé ẹ fara mọ́ ọn kí a ti ilé ìwé Quelpún pa, kí àwọn ọmọ máa lọ gbé ní ilé ìwé ti erékùṣù ńlá?” Ọ̀rọ̀ náà le jù lẹ́nu mi. Mo ń rò ó pé báwo ni mo ṣe máa dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó wẹ̀ mí ní kékeré, kí n wá máa ka irú nǹkan báyìí sí wọn létí bí ọlọ́pàá. Mo ní màá fi ọ̀wọ̀ sí i, màá sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bà á jẹ́.

O kúrò níbí ní kékeré, bóyá o ti gbàgbé bí a ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wa pòtétò rẹ̀, tàbí tó fẹ́ fi màlúù fa ilé onígi rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, yóò lọ láti ilé dé ilé. Yóò ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní jókòó, kò sì ní gba ife máte gbígbóná tí wọ́n bá gbé fún un mu, títí yóò fi sọ pé, “Mo wá bẹ̀ yín ni.” Onílé yóò ní, “A ti gbọ́,” nígbà náà ni yóò tó jókòó. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹni tó kọ̀ rí. Nígbà tí a fa ilé bàbá mi àgbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí etíkun, ọkùnrin kan tí kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà gbé màlúù méjì wá. Wọ́n fa ilé náà tán, ọkùnrin náà mú màlúù rẹ̀ lọ, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe, láìrò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo tú gèlè òjò lórí, mo ní, “Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i kí àwọn ọmọ wa lè rí ilé ìwé tó dára ju èyí lọ, ní erékùṣù ńlá.” Wọ́n ní, “A ti gbọ́, Zunilda. Wọlé wá yáná.” Mo wọlé, mo jẹ búrẹ́dì, mo mu máte, mo fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” sí. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mi ò ní purọ́ fún ọ, orí mi wú. Mo ní àwọn èèyàn mi ti lajú.

Lára àwọn tó dá mi lóhùn ni Màmá Clodomira Millalonco. O rántí rẹ̀, òun ló ní ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé àdúrà. Ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja lọ́nà jíjìn, àwọn méjèèjì fi ọmọ wọn, Anaís, sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Òun àti ìyá rẹ̀ àgbà nìkan ni wọ́n wà nínú ilé yẹn. Màmá náà ní “A ti gbọ́” kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó sì bu ọbẹ̀ ẹja fún mi.

Ní oṣù Kẹjọ mo tún lọ sí Quelpún lọ kó irúgbìn pòtétò fún bàbá rẹ, mo sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bá a nídìí iná, ó ń fi òwú pupa kọ orúkọ Anaís sára aṣọ ìbora, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé ní kí wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ wú. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni, ó ní ara òun yá. Mo ní, “Màmá, àbí inú yín kò dùn sí i pé ọmọ yìí ń lọ?” Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wò mí. Ó ní, “Zunilda, ta ló bi mí bí inú mi ṣe rí? Ìwọ lo wá bẹ̀ mí, mo sì dá ẹ lóhùn. Kí lo tún fẹ́?”

Yasna, mo dìde. Mi ò lè mu máte tó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo dé inú ọkọ̀, mo bi Nolberto pé òun náà ńkọ́, kí ló dé tó fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni? Gbogbo wa la rò pé wàhálà wà fún ẹ níbi iṣẹ́. O tú gèlè nínú òjò, o ò jókòó, o wá ń bẹ èèyàn. Ṣé kí n wá ní mi ò ṣe? Ṣé orí mi dàrú ni?” Mo ní, “Ilé ìwé ni mo wá bi yín, kì í ṣe iṣẹ́ mi.” Ó ní, “Ó yẹ kó o sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.” Ó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, a sì gbéra.

Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó ti gbé ìwé náà fún ìgbìmọ̀, wọ́n sì ti yìn ín. Ó ní, “Ìyáàfin Zunilda, mi ò rí irú ìṣọ̀kan báyìí rí o.” Mo ní, “Sà, kì í ṣe ìṣọ̀kan. Wọ́n kàn jẹ́ ọmọlúàbí ni.” Mo ṣàlàyé fún un. Ó béèrè pé ṣé mo parọ́ fún wọn ni. Mo ní rárá, mo bẹ̀ wọ́n ni. Kò kọ́kọ́ yé e. Ó ní ṣebí ìdáhùn ni ìdáhùn. Mo wá bi í pé bí òun bá bẹ̀ mí kí n bá òun gbé àpótí, tí mo sì gbé e, ṣé ó ti mọ̀ nìyẹn bóyá mo fẹ́ràn àpótí gbígbé. Ó tún un rò. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bí mo bá gbé èyí padà síwájú àwọn ìgbìmọ̀, wọ́n á ní èmi àti ẹ̀yin ò mọ iṣẹ́ wa.” Mo ní, “Òótọ́ ni wọ́n máa sọ, sà.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín náà, mo rí i.

Ó gbé e padà fún wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n bú u díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá gbé e lé mi lórí, mo sì ti ń bọ̀wọ̀ fún un láti ìgbà náà, pẹ̀lú agbòòjò rẹ̀. Èmi àti òun jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, “Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé ìwé tí àwọn bàbá yín fọwọ́ ara wọn kọ́ ṣì máa wà?” Ó kà á, ó ní, “Ta ló máa ní òun ò fẹ́? Ẹ ti tún ń fà wọ́n, ẹ kàn yí ọ̀nà padà ni.” Inú bí mi, nítorí pé ó tọ̀nà. Èyí tí a wá fẹnu kò sí ni pé: “Àwọn kan ní kí ilé ìwé yìí wà níbi tó wà. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n tì í pa, kí àwọn ọmọ máa gbé ní ilé ìwé ti erékùṣù ńlá. Èwo ló wà lọ́kàn yín, tàbí ẹ kò tíì mọ̀?” A tún pinnu pé màá kọ́kọ́ wọlé, màá jókòó, màá mu máte, kí n tó béèrè ohunkóhun, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀wẹ̀ ni.

Ìṣòro kan ló kù. Ẹni tó bá ti dáhùn ẹ̀bẹ̀ ọ̀wẹ̀, ó ti dáhùn náà nìyẹn, kì í yí i padà. Bí mo bá tún lọ bi wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn àdúrà, mo dìde nínú ilé àdúrà Quelpún. Mo ní, “Mo bẹ̀ yín ní oṣù Kẹfà, kò sì yẹ kí n bẹ̀ yín. Ìmọ̀ràn yín ni wọ́n rán mi wá gbọ́. Mo dá ọ̀rọ̀ yín padà fún yín lónìí. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò jẹ mí ní bẹ́ẹ̀ ni kankan.” Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Nolberto ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní, “Zunilda, ṣé kì í ṣe pé o tún ń bẹ̀ wá kí a má dá ẹ lóhùn?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀. Àwọn kan ronú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi máte fi tutù. Tọkọtaya kan jà níwájú mi. Ọkùnrin kan ní kí n lọ yí erékùṣù po kí n tó padà wá gbọ́ tòun, mo sì lọ.

Ilé Màmá Clodomira ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ká sọ òótọ́, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fara da gbogbo ìtìjú yẹn. Mo ti rò ó pé bí mo bá bi í dáadáa, yóò ní kí ilé ìwé wà, ọmọ rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo jókòó, mo mu máte, mo wá ní, “Màmá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí Anaís máa sùn láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí ni?” Ó gba ife lọ́wọ́ mi. Ó ní, “O ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe bi àwọn yòókù ni kí o bi èmi náà.” Mo mú ìwé jáde, mo kà á fún un bí a ṣe kọ ọ́.

Ó fi igi méjì sínú iná kó tó dáhùn. Ó ní, “Kí wọ́n tì í pa.” Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin, gbogbo wọn ló ti dàgbà jù ú lọ. Àgùntàn ni ó ń bá ṣeré. Ó ti sọ wọ́n lórúkọ, ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Èmi ń darúgbó, Zunilda. Mo fẹ́ kó ní ọ̀rẹ́ kí n tó lọ.” Mo ní, “Ṣùgbọ́n ẹ sunkún nígbà yẹn, Màmá. Mo rí ojú yín.” Ó ní, “Mo sunkún, nítorí pé mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ tàbí mi ò fẹ́. O ti gba ìdáhùn lọ kí n tó rò ó. Ní báyìí mo ti rò ó. Bí mo bá tún sunkún, ẹkún tèmi ni.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dùn mí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ilé mẹ́tàdínlógún ní kí ilé ìwé wà, ilé méjìlá ní kí wọ́n tì í pa, méjì ní àwọn kò tíì mọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ti fi ọdún méjì kún ọjọ́ ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò tún béèrè. Màmá Clodomira ní òun kò ní dúró de ọdún méjì. Ní oṣù Kẹta tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú Anaís wọ ọkọ̀ Nolberto. Mo ṣèlérí pé màá lọ pàdé wọn ní èbúté, màá sì máa yà wo ọmọ náà ní ilé ìwé lọ́jọ́rú lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nínú ilé aláwọ̀ ewé yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti ń yọ mí lẹ́nu, kì í sì í ṣe ti ilé ìwé. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ̀wé sí ọ ní irú àkókò yìí pé, “Yasna, mo bẹ̀ ọ́, wálé fún ìsinmi oṣù Kejì, bàbá rẹ ń dàgbà.” O sì ń wá lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, ní ọjọ́ kejì tí o dé, mo rí ọ lójú fèrèsé tí ò ń ka wákàtí tí ọkọ̀ ń lọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí ọ. Mo rò pé mo mọ ohun tí o fẹ́, nítorí pé o máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́ kí n wá bi ọ́ bó ṣe yẹ, mo ti jókòó, mo ti mu máte mi: Àwọn ọmọ kan máa ń wá sílé lákòókò ìsinmi. Àwọn mìíràn máa ń dúró síbi tí wọ́n ń gbé. Èwo ló wà lọ́kàn rẹ, tàbí o kò tíì mọ̀? Èyí tí o bá sọ ni màá kọ sílẹ̀, mi ò sì ní bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tù ọ́ lára, kí o rí ojú rere àwọn tó jù ọ́ lọ, kí àwọn tí ò ń bi ní ìbéèrè rí i pé o fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn lóòótọ́. Bàbá rẹ àti èmi ń gbàdúrà fún ọ ní alaalẹ́.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò lábùlà, ìyá tó bí ọ,
Zunilda Guineo.

Àfikún: Mo tún lẹ́tà yìí kà kí n tó lẹ̀ ẹ́, mo sì rí i pé mo fi wíwá sílé ṣáájú. Ohun tí èèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ló máa ń wọ etí jù. Jọ̀ọ́, ka èkejì ṣáájú kí o tó dáhùn. Ibi tí mo fi bírò pa rẹ́ lókè yẹn, níbi tí mo ti ní bàbá rẹ kí ọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti kun yàrá rẹ ní ọ̀dà tuntun. Kò yẹ kí n kọ ọ́ kí o tó dáhùn. Má kà á.